Bàótìn àti irun iwájú orí

Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ṣe irun ni onídìrí mi máa ń ní kí n ra bàótìn, ìyẹn fítámì kan tí wọ́n ń tà nínú ike, pé irun á kún, èékánná á le, ara á máa dán. Ó dáa o, ṣùgbọ́n ẹ ka ẹ̀yìn ike yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó: nǹkan bíi 30 máíkírógíráàmù ló tó àgbàlagbà lóòjọ́, òmíràn níbẹ̀ sì jẹ́ 10,000, kí la fẹ́ fi ìyókù ṣe? Ẹyin sísè, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀pà ṣáà ní in. Èyí tó ká mi lára jù ni ti tẹ́ẹ̀sì, torí FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn l'Amẹ́ríkà, kìlọ̀ ní 2017 pé bàótìn tó pọ̀ lára lè da èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rú, títí kan èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá háàtì ní ìṣòro, torí náà tẹ́ ẹ bá ń lò ó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín. Irun tó ń já lẹ́yìn ìbímọ sábà máa ń padà fúnra ẹ̀. Ti iwájú orí tí dídì líle ti fà tu ńkọ́? Àfi kí onídìrí dẹwọ́. Mo sọ fún tèmi, ó ní ṣé mi ò fẹ́ kó pẹ́ lórí ni.