Bí Ọmọ Yín Bá Fẹ́ Ṣe Running Back: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Àwọn òbí Yorùbá tó wà ní agbègbè Houston níbí máa ń pè mí tí kóòṣì bá ti sọ fún wọn pé ọmọ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní running back ni ọmọ wa máa ṣe. Ṣé iṣẹ́ gidi ni?" Èmi ni wọ́n ń bi nítorí pé ipò yẹn ni àkọ́bí mi wà láti kékeré títí ó fi parí yunifásítì, tí èmi àti ìyá rẹ̀ sì jókòó sétí pápá ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Kò dé NFL, líìgì àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà jẹun. Ṣùgbọ́n a rí ohun tí eré náà ń fi ara ṣe, a sì mọ bí owó ibẹ̀ ṣe ń rìn. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹni tó bá wúlò fún lè rí i kà.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ara ọmọ yìí ni owó òwò rẹ̀, ó sì ti ń ná an láti ìgbà tí kò tíì sí ẹni tó ń san kọ́bọ̀ fún un.

Ẹ̀yin tó wà nílé tí ẹ ò wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Quarterback ni ọ̀gá eré. Ó lè ju bọ́ọ̀lù sókè, ó sì lè gbé e lé running back lọ́wọ́ kí ó máa gbé e sáré lọ láàárín àwọn alátakò. Àwọn kan nínú àwọn tó dúró dè é wúwo tó 140 kílò. Yáàdì tó bá sá ni wọ́n ń kà fún un. Bí ó ti wù kí ó sáré dáadáa tó, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa gbé e lulẹ̀ kẹ́yìn, nígbà mìíràn ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí ipò míì nínú eré yìí tí ìlù pọ̀ tó báyẹn fún ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù.

Alẹ́ Ẹtì ni wọ́n ń gbá a nílé ìwé girama ní Texas. Láàárọ̀ Sátidé, ọmọ mi á máa fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á di irin ìdìmú mú. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀. Á ní kó na ẹsẹ̀ sórí àga, á fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, á tún tẹ abẹ́ ọmọ orúnkún, á máa wo ojú rẹ̀ bóyá yóò fà á. "Ó ń dùn mí díẹ̀, Mọ́mì, kò le." Lẹ́yìn náà ni yóò kó yìnyín sínú ọ̀rá, á fi aṣọ ìnura wé e, á gbé e lé e. Òun náà ló ra ìwé kékeré kan tó ń kọ iye ìgbà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún un sí, ní eré kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀ yín, ẹ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé ẹgbẹ́ ti ń na àwọn alátakò ní ànàbolẹ̀ tí kóòṣì sì tún ń gbé bọ́ọ̀lù fún ọmọ yín, ẹ lọ bá a lẹ́yìn ìdánrawò, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un. Kóòṣì tó bá féràn ọmọ náà yóò gbọ́.

Ẹ wo Jay Ajayi, ọmọ wa. London ni wọ́n bí i sí ní 1993, wọ́n kó wá sí Amẹ́ríkà nígbà tó ṣì kéré, Frisco ní Texas níbí ló sì ti gbá bọ́ọ̀lù nílé ìwé. Ní Boise State lọ́dún 2014, ìgbà 347 ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́ nínú eré 14. Ó sá yáàdì 1,823, ó sì tún gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i nígbà 50. Lásìkò yẹn, òfin kò tíì gba àwọn ọmọ yunifásítì láyè láti fi orúkọ wọn pa owó. Oṣù keje 2021 nìyẹn tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ draft 2015 dé, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ìpele-ìpele, ọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀ tó ti ya láti 2011 ló gba ẹnu àwọn ènìyàn kan, ó sì di ìpele karùn-ún, ẹni 149, kí Miami Dolphins tó mú un.

Ọdún kejì rẹ̀ níbẹ̀, 2016, ó sá yáàdì 204 nínú eré kan, ó sá 214 nínú èyí tó tẹ̀lé e. Àwọn mẹ́ta péré ló ti sá ju 200 lọ nínú eré méjì léra ṣáájú rẹ̀: O.J. Simpson, Earl Campbell àti Ricky Williams. Kí ọdún náà tó parí, ó tún sá 206. Inú wa dùn nílé wa bíi pé àbúrò wa ni. Ní oṣù kẹwàá 2017, Dolphins fi í fún Philadelphia Eagles, wọ́n sì gba àyè ìpele kẹrin kan nínú draft ní pàṣípààrọ̀. Ó bá Eagles gba Super Bowl, ife-ẹ̀yẹ NFL, ní oṣù kejì 2018. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, iṣan orúnkún rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ACL já. Ó padà fún ìgbà díẹ̀ ní ìparí 2019, ó sì tán. Ọmọ ọdún 26 ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà kò tíì parí ẹ̀kọ́ wọn nígbà yẹn.

Ẹ wá fi èyí wé bí wọ́n ṣe ń sanwó. Ẹni tí wọ́n bá mú nínú draft, àdéhùn ọdún mẹ́rin ni yóò kọ́kọ́ bọ́wọ́ lù. Kò sí ẹni tó lè tún owó inú rẹ̀ sọ kí sáà kẹta tó parí. Fún quarterback, ìyẹn kò burú, torí ó lè gbá a títí di ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún tí running back lágbára jù lọ ni àwọn ọdún tí owó rẹ̀ kéré jù lọ. Tó bá wá di àkókò tí ó yẹ kó gba owó ńlá, ẹgbẹ́ á ní orúnkún rẹ̀ ti gbó. Mo ka èyí sí ìrẹ́jẹ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi bá wọn bú Le'Veon Bell nígbà tó jókòó sílé ní gbogbo sáà 2018, tó kọ̀ láti gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 dọ́là ti ọdún kan ṣoṣo lọ́wọ́ Pittsburgh Steelers, torí àdéhùn ọlọ́dún púpọ̀ ló ń wá. Òótọ́ ni pé kò sá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ nígbà tó dé New York Jets. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ iye ìgbà tí wọ́n ti gbé e lulẹ̀ kò ní pè é ní olójúkòkòrò.

Àwọn kan máa ń fi running back Christian Okoye dá mi lóhùn, ọmọ Ìgbò láti Enugu, pé òun ṣe é yọrí. Ìdí wà fún un. Eré jíju díìsì ló bá dé California, Nàìjíríà kò mú un fún Òlíńpíìkì 1984, ló bá yà sídìí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí kò gbá rí. Nígbà tó fi di 1989, òun ló sáré jù ní gbogbo NFL, yáàdì 1,480 fún Kansas City Chiefs. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ìgbà 370 ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún un lọ́dún yẹn. Ọdún tó tẹ̀lé e, yáàdì 805 ló sá, 1992 sì ni sáà tó gbá kẹ́yìn.

Kí ni òbí lè wá ṣe? Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ́ iṣẹ́ tí ogunlọ́gọ̀ kì í pàtẹ́wọ́ fún. Eré kan wà tí mo ṣì ń wò nínú fídíò di òní, ọmọ mi kò sì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ quarterback. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó ti rí i pé linebacker kan, ọ̀kan nínú àwọn alátakò tó ń dènà, lápá òsì ń rọra sún ẹsẹ̀ síwájú. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ṣí, ó gba iwájú quarterback kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ọ̀gbẹ́ni náà láyà, ó sì dúró gbọn-in títí bọ́ọ̀lù fi kúrò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó hó. Kóòṣì yunifásítì kan tó wá wo ọmọ ẹlòmíì ló bèèrè orúkọ rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ẹ tún wo running back kan, Frank Gore: ó ya ACL orúnkún méjèèjì kó tó dé NFL ní 2005, sáà 16 ló sì gbá, yáàdì 16,000 géérégé. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo quarterback, ó ní sùúrù lẹ́yìn àwọn adènà rẹ̀, kì í fi ara gba ìlù tó bá lè yẹ̀ ẹ́.

Ẹ ní dókítà tiyín. Nígbà tí orúnkún ọmọ mi wú ní yunifásítì, dókítà ẹgbẹ́ ní kó padà sí pápá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ fárígá. Ó ní ẹni tí ẹgbẹ́ kò sanwó fún ni yóò wò ó. Àwòrán MRI fi hàn pé kèrékèré inú rẹ̀ ti ya. Ẹ gba ẹ̀dà gbogbo ìwé àyẹ̀wò sọ́wọ́. Tí wọ́n bá gbá a lórí, ẹ má gba "Ara mi yá, Dádì" gbọ́ lásán. Ẹ bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré náà lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Kí ó tó bọ́wọ́ lùwé yunifásítì èyíkéyìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá sikọláṣíìpù rẹ̀ yóò dúró tó bá farapa, àti ẹni tí yóò sanwó ìtọ́jú lẹ́yìn tó bá jáde.

Tó bá wá dé ẹnu ọ̀nà NFL lóòótọ́, aṣojú ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn yín. Òfin àjọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, NFLPA, ni pé aṣojú kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá 3 nínú 100 lọ lórí àdéhùn. Ẹ bi í pé nínú owó tó wà lórí ìwé yìí, èló ni yóò ṣẹ́kù sí ọmọ wa lọ́wọ́ bí wọ́n bá lé e lọ lọ́la. Ẹ bi í nípa owó ìfẹ̀yìntì, èyí tí ọmọ kò ní lẹ́tọ̀ọ́ sí àfi tó bá ní sáà mẹ́ta lórúkọ. Kó jókòó níwájú ẹ̀yin àti ìyá ọmọ, kó ṣàlàyé rẹ̀ títí yóò fi yé yín. Bí kò bá lè ṣe é, kí ọmọ má bọ́wọ́ lu ohunkóhun lọ́jọ́ náà.