Ọjọ́ Ìsinmi, Ẹgbẹ́ Akọrin àti Ọbẹ̀ Ṣàkì Àwọn Ará Mẹ́síkò

Ní Houston níbí, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, bí ìsìn bá ti parí ní ọjọ́ Ìsinmi tí ebi sì ń pa ẹgbẹ́ akọrin, àríyànjiyàn kan náà ni a máa ń ṣe níwájú ṣọ́ọ̀ṣì: ṣé ọ̀dọ̀ àwọn tiwa náà ni a óò tún lọ? Ilé oúnjẹ ọmọ Nàìjíríà pọ̀ ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú yìí, pàápàá ní òpópónà Bissonnet, ẹni tí ó bá sì fẹ́ jẹ iyán kò ní rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n wa kan tí òun àti àwọn ará Mẹ́síkò jọ ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ kò gbà. Ó ní ilé oúnjẹ kékeré kan wà tí tọkọtaya kan láti ìlú Puebla àti àwọn ọmọ wọn ń bójú tó, àti pé bí a bá jókòó síbẹ̀, a kò ní bèèrè iyán. A lé ní mẹ́wàá. A tẹ̀lé e.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé òun ti mọ oúnjẹ Mẹ́síkò, nítorí ó ṣòro kí ènìyàn gbé Texas kí ó má tíì jẹ fajita rí. Oúnjẹ ẹnu ààlà ni ìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní Tex-Mex: ẹran màlúù yíyan, tortilla (búrẹ́dì pẹlẹbẹ) oníyẹ̀fun àlìkámà, àti wàràkàṣì yíyọ́ tí wọ́n dà lé ohun gbogbo lórí. N kò bú u o. Ninfa Laurenzo, opó tí ó ní ọmọ márùn-ún, wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní ọdún 1973 ni ó ṣí ilé oúnjẹ onítábìlì 10 sí iwájú ilé-iṣẹ́ tortilla tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ dá sílẹ̀ ní òpópónà Navigation, àwọn ọmọ náà sì bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá kan ń sè fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, ojú ewé tí ó kẹ́yìn nínú mẹ́nù ni ó máa ń wà. Nígbà mìíràn, kò tilẹ̀ sí nínú mẹ́nù, bébà kan lára ògiri ni wọ́n kọ ọ́ sí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀wọ́ Yorùbá tí ó bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

A ti pè wọ́n lórí fóònù kí a tó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dára tí a ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí àyè ibẹ̀ kò pọ̀; tábìlì mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ fún wa. Bàbá ni ó ń yan ẹran, ìyá ni ó ni ilé ìdáná, ọmọbìnrin wọn àgbà ni ó ń kọ ohun tí oníkálukú fẹ́ jẹ sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì jókòó ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbowó, ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Nígbà tí ọmọbìnrin náà rí i pé àwọn àgbà wà nínú wa, ọ̀dọ̀ wọn ni ó kọ́kọ́ lọ kí. Àwọn màmá wa ti gba ti ìdílé náà kí omi tó dé orí tábìlì.

Òun náà ni ó gbà wá nímọ̀ràn pé kí a má ṣe bèèrè oúnjẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyá kan ṣoṣo ni ó ń dáná. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá fẹ́ oúnjẹ mẹ́wàá, ẹni àkọ́kọ́ á ti máa fi igi tayín kí ti ẹni ìkẹyìn tó jinná. Nítorí náà, àwo ńláńlá ni wọ́n gbé sáàárín, a sì ń bù ú.

Menudo ni ó kọ́kọ́ dé. Ọbẹ̀ ṣàkì ni, pẹ̀lú ẹsẹ̀ màlúù àti àgbàdo ńláńlá tí èèpo ara rẹ̀ ti bó tí ó sì ti wú, tí wọ́n sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí omi rẹ̀ fi ki. Ata gbígbẹ tí wọ́n rẹ tí wọ́n sì lọ̀ ni ó mú un pupa. Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tà á, àwọn ará Mẹ́síkò sì gbà pé òun ni ó ń tún ojú ẹni tí ó mutí yó lálẹ́ àná ṣe, ọ̀rọ̀ tí a kò jẹ́ kí àwọn màmá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìsìn jáde gbọ́. Wọ́n gbé àlùbọ́sà gígé, ewé oregano gbígbẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ tì í, kí oníkálukú fi sí tirẹ̀ bí ó ṣe fẹ́. Ṣàkì wọn rọ̀ ju tiwa lọ. Èmi fẹ́ràn ṣàkì tí ó máa ń bá eyín jà díẹ̀, nítorí náà ìyẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn tán, ṣùgbọ́n n kò rí ohun kan sọ sí omi ọbẹ̀ náà, èmi pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wa ni a sì fa abọ́ kejì gbẹ.

Láti ibi tí mo jókòó, mo ń wo bí ìyá náà ṣe ń ṣe tortilla. Ó ń já masa, ìyẹn àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n pò, ó ń yí i róbótó lọ́wọ́, ó ń fi í sáàárín ọ̀rá méjì, ó ń fi irin ọlọ́wọ́ gígùn kan tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó sì ń gbé e lé orí comal, àwo irin tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀. Ìka lásán ni ó fi ń yí i padà. Á wú sókè bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, á rọlẹ̀, á sì bọ́ sínú aṣọ tí wọ́n tẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ kí ooru rẹ̀ má bàa lọ. Àgbàdo yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn lọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ sè é nínú omi tí wọ́n po cal mọ́, èròjà funfun tí ó ti ara òkúta ẹfun jíjó wá. Wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á fọ èèpo rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Àwa náà ń rẹ àgbàdo kí a tó lọ̀ ọ́ fún ògì, ṣùgbọ́n kíkan ni tiwa ń kan. Iṣẹ́ tí cal ń ṣe kò mọ sí adùn: ó ń tú fítámì niacin tí ó há sínú àgbàdo sílẹ̀ kí ara lè lò ó. Ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbin àgbàdo, ní nǹkan bí ọdún 9,000 sẹ́yìn, ìmọ̀ yìí sì ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí àgbàdo dé Yúróòpù láìsí ìmọ̀ náà, àwọn tálákà Ítálì tí wọn kò rí nǹkan mìíràn jẹ kó àìsàn pellagra, tí ó ń bó awọ ara tí ó sì ń da orí rú. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20.

Mole ni ó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Adìyẹ ni wọ́n da ọbẹ̀ dúdú lé lórí, Màmá tí ó dàgbà jù nínú wa sì bèèrè ohun tí ó mú un dúdú.

“Ṣokoléètì wà níbẹ̀, Mà.”

“Ṣokoléètì? Nínú ọbẹ̀ adìyẹ?” Wọ́n rọra ti àwo náà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa.

“Ẹ kàn tọ́ ọ wò, Mà. Bí kò bá dára, ẹ ní kí n gbé e kúrò.”

Ṣokoléètì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Oríṣi ata gbígbẹ bí i mẹ́ta ni ó gbé ọbẹ̀ náà ró, pẹ̀lú yànmọ̀tí, ẹ̀pà, almond, èso àjàrà gbígbẹ, kànáfùrù àti tortilla díndín tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ ọn kí ó lè ki, wọ́n á sì tún fi omi ẹran sè é. Ó ń mú lẹ́nu díẹ̀, ó ń korò díẹ̀, adùn rẹ̀ sì kẹ́yìn. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún fi tortilla mìíràn gbọ́n ọn. “Ẹni tí ó se ọbẹ̀ yìí kò kánjú,” ni wọ́n wí. Ẹni tí ó bá mọ Màmá mọ̀ pé wọn kì í tètè yin ọbẹ̀ tí ẹlòmíràn sè.

Ní ti ata, ẹ má ṣe dúró lórí èyí tí wọ́n gbé wá lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àgbàdo díndín. Ẹnu àwọn òyìnbó ni wọ́n fi ń wọn ìyẹn. Bèèrè ni a bèèrè kí wọ́n tó gbé ti habanero jáde, ata tí òun àti ata rodo jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Àwọn kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí fọ́nnu pé Yorùbá ló ni ata, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni rodo, ṣọ̀ǹbọ̀ àti tàtàṣé ti ṣẹ̀ wá. Ataare àti ìyèré ni kí á máa fi yangàn. Ní ti ohun mímu, agua de jamaica wọn kò yàtọ̀ sí zobo, òdòdó kan náà ni. Horchata ni èmi mu, omi ìrẹsì lílọ̀ pẹ̀lú sínámọ́nì àti ṣúgà. Ní Valencia ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, òfíò ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn, èyí tí mo rò pé yóò bá mi lára mu jù, nítorí ṣúgà ti Houston yìí pọ̀.

Owó sísan ni ó máa ń ba irú ìjókòó báyìí jẹ́. Bí oníkálukú bá ní kí wọ́n ya owó tirẹ̀ sọ́tọ̀, ọmọ tí ó wà nídìí ẹ̀rọ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹnì kan ni ó san gbogbo rẹ̀, a sì fi ti oníkálukú ránṣẹ́ sí i láti orí fóònù, lórí Zelle tí a fi ń fowó ránṣẹ́, kí a tó dìde. A fi owó ọ̀yàyà lé e fún ọmọkùnrin tí ó ń kó àwo, tí kì í ṣe ọmọ ilé náà. Àwọn kan kùn sí ìyẹn, ṣùgbọ́n òfin gbà kí ọ̀gá ní Texas san dọ́là 2.13 péré fún agbáwo ní wákàtí kan, bí ẹ̀bùn oníbàárà bá lè kún un dé dọ́là 7.25. Ẹni tí kò bá fẹ́ fún un ní nǹkan, kí ó jẹun nílé.

Barbacoa nìkan ni a kò bá. Ẹran orí màlúù tí wọ́n fi òru mọ́jú sè ni, àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni àwọn ará Texas ń dù ú, tiwọn sì ti tán kí a tó dé. Ọmọbìnrin náà ní bí a bá pè láti ọjọ́ Sátidé, àwọn lè fi tiwa pamọ́, ahọ́n màlúù pẹ̀lú. Màmá ti ní kí ẹ̀gbọ́n wa pè.