"Ara Le" Kọ́ Ni Fọ́ọ̀mù Ń Fẹ́ Gbọ́

Ẹ̀yin ará Kàbà àti Mọ̀pà tí ẹ ní ká gbé Màmá wá sí Lọ́ńdọ̀nù kí ìjọba máa tọ́jú wọn, ẹ fara balẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ gba físà kí òbí tó ti darúgbó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun yóò tọwọ́ bọ̀wé pé fún ọdún 5, òun ni yóò bọ́ wọn, òun ni yóò pèsè ilé. Físà ọ̀hún gan-an, agbára káká ni.

Àwọn àgbà wa tó ti pẹ́ níbí ni owó wà fún. Attendance Allowance ni wọ́n ń pè é: ẹni tó ti tó ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, tó sì ti nílò ìrànlọ́wọ́ fún oṣù 6. Láti oṣù kẹrin 2025 títí di oṣù kẹrin 2026, £73.90 ni lọ́sẹ̀, £110.40 bí ìrànlọ́wọ́ náà bá jẹ́ tọ̀sán-tòru. Wọn kì í wo owó báńkì ẹni. Ẹnu ló ń gba owó náà lọ́wọ́ àwọn àgbà wa. Bi àgbà Òkun, àwa Yorùbá Kàbà, Mọ̀pà àti agbègbè wọn, bí ara ṣe rí, "ara le, a dúpẹ́" ni wọ́n máa sọ; a kì í ka àìsàn fún àlejò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù kò mọ̀ wọ́n rí. "Mò ń wẹ̀ fúnra mi" lójú tirẹ̀, wàhálà ò sí nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ń wọ báàfù. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lóṣù tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mò ń dìde tọ̀ lóru, mo sì máa ń di ògiri mú." Bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, kó ṣáà ti yẹ kí ẹnìkan ràn wọ́n lọ́wọ́.

Irin ìdìmú ara ògiri balùwẹ̀, tí àgbà ń dì mú kó má bàa ṣubú, lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ bá ti wá yẹ ilé wò, ọ̀fẹ́ ni ní England bí owó rẹ̀ kò bá ju £1,000 lọ. Kí wọ́n yọ báàfù, kí wọ́n ṣe ṣáwà tí kò ní ibi àgbésẹ̀? Ẹ máa retí.

Ní Kàbà, èjìká ọmọ-ọmọ ni irin ìdìmú, kò gba fọ́ọ̀mù. Àmọ́ ọmọ-ọmọ ti wà ní Àbújá, ṣálángá sì wà lẹ́yìnkùlé. Owó tí à ń fi ránṣẹ́ láti ibí lè tún ìyẹn ṣe, ẹ má sọ pé a já wọn sílẹ̀. Kí wẹ́dà fi páìpù onínṣì kan ààbọ̀ ṣe irin ìdìmú síbẹ̀, kó gbẹ́ ògiri dé búlọ́ọ̀kù, kó fi sìmẹ́ńtì dì í. Èyí tó bá dúró lórí píláńsítà lásán, ọjọ́ tí wọ́n bá fi gbogbo ara tì í ló máa já. Bó bá jẹ́ ilé amọ̀, òpó méjì ni kó rì mọ́lẹ̀. Kí Màmá dúró, kí wọ́n sọ ọwọ́ sílẹ̀: ibi tí ọrùn ọwọ́ wọn dé ni gíga irin, kì í ṣe ibi tí ti wẹ́dà dé.