Ẹni Tó Jókòó Tì Mí Tí Kò Sọ̀rọ̀

Ẹ bá mi yin Olúwa o! Àná ni wọ́n yọ òwú iṣẹ́ abẹ tó kù lára ikùn mi, ẹsẹ̀ ara mi ni mo sì fi rìn wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi gbé ẹrù àìsàn yìí látìbẹ̀rẹ̀ mọ bó ṣe rí, mi ò ní tún un sọ.

Ohun tí mi ò tíì sọ ni ti òru tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n gbé ìwé wá pé kí n buwọ́ lù ú. Ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé èmi gan-an ò lè ka orúkọ tí mo kọ. Wọ́n paná. Mo fẹ́ gbàdúrà, àdúrà ò wá. Sáàmù 88 nìkan ló ń sọ lọ́kàn mi, èyí tó jẹ́ pé inú òkùnkùn ló parí sí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run náà ni onísáàmù yẹn ń ké pè, kò gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ibẹ̀ ni mo rọ̀ mọ́.

Mọ́mì sì jókòó tì mí. Wọn ò ní kí n má bẹ̀rù, wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ìbora, wọ́n di ẹsẹ̀ mi mú, wọn ò sì jù ú sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ká ní àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù padà sílé lọ́jọ́ keje ni, à bá máa fi wọ́n ṣàpẹẹrẹ ọ̀rẹ́ rere dòní. Ọ̀sán méje, òru méje, wọ́n jókòó tì í nílẹ̀ láìfọhùn. Ìgbà tí wọ́n lanu pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fa ìyà tó ń jẹ ẹ́ ló bàjẹ́. Èmi náà rí tèmi lára àwọn tó wá kí mi: “Yẹ ara rẹ wò.” “Jẹ́wọ́ ohun tó wà ní kọ̀rọ̀.” Lójú àwọn ọmọ mi! Mo yẹ ara mi wò o. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí, ta ni kì í ṣe? Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù bi í bóyá ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú ló ṣẹ̀ tàbí àwọn òbí rẹ̀, kí ló fi dáhùn? Ó ní kì í ṣe ọkùnrin náà, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa ńkọ́, ṣé ó ní wọ́n burú ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ? Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá lọ kí aláìsàn, ẹ bá a fọṣọ, ẹ bá a pọnmi. Ẹ fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún Ẹni tó ni í.

Jóòbù padà gbàdúrà fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀nyẹn. Mo ti ń gbà á fún àwọn tèmi náà, bó tilẹ̀ ń há mi lọ́fun.

Àwọn kan náà ló wá ń sọ báyìí pé ìwà mi ló gbà mí. Rárá o! Arábìnrin tó wà ní ibùsùn kejì gbàdúrà jù mí lọ, orin ló máa fi ń jí. Kò padà sílé. Tí mo bá ní ìwà mi ló yọ mí, kí ni mo ń sọ nípa tirẹ̀? Oore-ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é, kì í ṣe owó ọ̀yà. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀gún tó ń dà á láàmú lára ò kúrò, oore-ọ̀fẹ́ náà ni wọ́n sọ pé ó tó fún un. Mo gbà pé ó dé ọ̀dọ̀ arábìnrin mi náà, lọ́nà tí ojú mi ò tó.

Mọ́mì, ẹ ṣé. Ẹ kú ìtìlẹ́yìn, Olúwa á dá yín sí fún mi. Ẹsẹ̀ tí ẹ dì mú lóru ọjọ́ yẹn ló gbé mi wọlé lánàá.