Ètò Ìrìnàjò Mi Àkọ́kọ́ sí Ìlú Cologne

Láti ìgbà tí mo ti sọ fún àwọn ará ilé pé Cologne ni mo fẹ́ lọ ní ilẹ̀ Jámánì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: ṣé nítorí ìlú kan ṣoṣo ni èèyàn ṣe ń da ara rẹ̀ láàmú gba físà? Wọ́n ní kí n fi Berlin kún un, kí n sì yà ní Paris, nítorí físà Schengen kan náà ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Mo tẹ́tí gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ìlú tí Agrippina, aya olú ọba Claudius, mú kí àwọn ará Róòmù gbé ga ní ọdún 50 lẹ́yìn ìbí Kristi, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń sáré là kọjá.

Kàtídírà rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fà mí. Ọdún 1248 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, nítorí wọ́n ń wá ilé tí ó yẹ fún àpótí oníwúrà tí wọ́n gbàgbọ́ pé egungun àwọn Amòye mẹ́ta tí ó wá kí Jésù wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ dúró ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ẹ̀rọ onígi tí wọ́n fi ń fa òkúta sókè sì wà lórí ilé ìṣọ́ tí kò parí náà títí di ọdún 1868, kí wọ́n tó wá parí gbogbo rẹ̀ ní 1880. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù sọ àárín ìlú di àlàpà, ó ba kàtídírà náà, ṣùgbọ́n kò wó o. Mo ti pinnu láti gun ilé ìṣọ́ náà. Àtẹ̀gùn 533 ni, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gùn ún; ẹ bá mi bẹ orúnkún mi.

Ibòmíràn tí n kò ní fi dù ara mi ni ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Rautenstrauch-Joest. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kan àwa ọmọ Nàìjíríà, nítorí pé ó ní lára iṣẹ́ ọnà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní ààfin Ọba Bìní ní ọdún 1897. Ní ọdún 2022 ni ìlú Cologne fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ni ó ni wọ́n, díẹ̀ nínú wọn sì padà wálé lọ́dún náà. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn yẹn fún àwọn ọmọ tiwọn.

Oṣù Karùn-ún ni mo mú. Mo sá fún àsìkò Carnival, ìyẹn àwọn ọjọ́ tí ó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú, nítorí èrò a máa kún ìlú, owó ilé ìtura a sì máa gbé ẹnu sókè. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ti gbé ibẹ̀ rí tún kìlọ̀ fún mi pé kí n ra oúnjẹ sílẹ̀ ní Sátidé, torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú, àti pé bí mo bá jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta bíà Kölsch, ife tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọn yóò máa gbé wá lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé mo béèrè, àfi bí mo bá fi páálí pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ́ ife bo ẹnu rẹ̀.

Ìwé físà ni ó gba sùúrù jù. Wọn kì í gbà á ju oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò. Wọ́n sì ń béèrè ìwé adójútòfò ìlera tí ó tó 30,000 yúrò, àkọsílẹ̀ owó ní báńkì, àti ẹ̀rí pé èèyàn ní iṣẹ́ tí yóò padà sí. Láti Èkó, mo lè bá ọkọ̀ òfurufú lọ tààrà sí Frankfurt, kí n sì wọ ọkọ̀ ojú irin ní pápákọ̀ níbẹ̀; bíi wákàtí kan ni dé Cologne, ibùdókọ̀ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàtídírà gan-an. Mo ti gba yàrá sílẹ̀ sí ìtòsí ibẹ̀, èyí tí mo lè fagi lé láìsan owó bí físà kò bá jáde. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ni n kò tíì san owó rẹ̀, n kò sì ní san án kí ọ̀gá mi tó fọwọ́ sí ìsinmi mi.