Ẹ má gbé ọwọ́ kúrò lórí throttle

Lálẹ́ àná mò ń fi simulator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi báàlù, wa Boeing 727, mo ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, mo rò pé mo ṣì ga jù, ni mo bá fa throttle mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn ọ̀pá tá a fi ń darí agbára ẹ́ńjìnnì, sẹ́yìn pátápátá. Ìgbà tí mo rí i pé ilẹ̀ ti ń sáré bọ̀, mo ti gbogbo ẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ báàlù ṣì ń lọ sílẹ̀, mò ń kà á lẹ́nu, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kí agbára tó dé ìdí báàlù ti lù mọ́lẹ̀, mi ò tíì dé runway.

Ẹ́ńjìnnì ayé ìgbà yẹn kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀ o. Nǹkan wúwo ló ń yí nínú ẹ̀, tó bá ti rọlẹ̀ ó máa pẹ́ kó tó tún gbéra, téèyàn bá sì da epo sí i lójijì, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á dàrú, ooru á pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ń wọn epo fi máa ń fún un díẹ̀díẹ̀. Ó lè tó sẹ́kọ́ńdù 6 sí 8.

Ní 11 November 1965, 727 kan ń já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní Salt Lake City, igbákejì payílọ́ọ̀tì nawọ́ sí throttle, ọ̀gá ẹ̀ ní kó ṣì dúró ná. Èèyàn 91 ló wà nínú ẹ̀, 43 kú.

Autothrottle wá ńkọ́? Nínú àwọn báàlù àtijọ́, mọ́tò kan ló ń ti ọ̀pá yẹn síwá sẹ́yìn kí iyára tẹ́ ẹ sọ fún un má bàa yẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ẹ̀ ni pé ọ̀pá yẹn ń rìn lóòótọ́, tọ́wọ́ yín bá wà lórí ẹ̀ ẹ máa mọ ohun tó ń ṣe láì wo ibì kankan. Tẹ́ ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, ó tán. Ní 28 February 1984, DC-10 ti Scandinavian Airlines ń bọ̀ wá balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú JFK, New York, autothrottle ẹ̀ ti ń ṣe ségesège tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ òun náà ni wọ́n tún fi iyára lé lọ́wọ́, eré wá pọ̀ jù, ó ti jẹ ẹsẹ̀ bàtà 4,700 nínú runway tó jẹ́ 8,400 kí táyà tó kanlẹ̀, ó sì parí ẹ̀ sínú omi. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, gbogbo èèyàn 177 ló yè é.

Gééjì náà ń purọ́, èyí ló sì dùn mí jù. EPR, ìyẹn gééjì tó ń sọ bí agbára ẹ́ńjìnnì ṣe tó, ń fi bí afẹ́fẹ́ tó wọ ẹnu ẹ́ńjìnnì ṣe ń tì tó wé ti èyí tó ń jáde lẹ́yìn. Ní 13 January 1982, ní Washington, yìnyín dí páìpù kékeré tó ń wọn afẹ́fẹ́ yẹn lẹ́nu ẹ́ńjìnnì 737 ti Air Florida, gééjì ń sọ 2.04, agbára tó wà níbẹ̀ ò ju nǹkan bí 1.70 lọ. Igbákejì payílọ́ọ̀tì sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé nǹkan ò rí bó ṣe yẹ kó rí, wọ́n ṣì gbéra, báàlù kọ lu afárá, ó já sínú odò Potomac, èèyàn 78 kú. Bẹ́ẹ̀, àyè ṣì wà níwájú throttle yẹn, ẹ́ńjìnnì méjèèjì ṣì lè fún wọn ní agbára tó ju ìyẹn lọ dáadáa.