Rírìn lẹ́bàá odò nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo

Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń lọ sí Igbó Ọ̀ṣun kì í rí igbó náà. Wọ́n á bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n á ya fọ́tò níwájú Ojúbọ, wọ́n á fọwọ́ kan omi, ó parí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, hẹ́kítà 75 ni igbó yìí, ìgboro ti dé ẹnu odi rẹ̀, odò ń yí kọ́rọkọ̀rọ gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò sì ní òkè tó lè mú ènìyàn mí hẹlẹ. Àfi ibi tí ilẹ̀ ti rọra dà sọ́nà odò, pẹrẹsẹ ni. Ẹ fún un ní wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ohun tó kéré sí ìyẹn, ẹ kàn yọjú lásán ni.

Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ rìn, láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta. Ilẹ̀ á ti gbẹ, omi á sì ti fà, ẹ ó lè rí àpáta àti iyanrìn tí odò bò mọ́lẹ̀ nígbà òjò. Tó bá di ìgbà òjò, odò á kún, ibi tó rẹlẹ̀ létí omi á di àbàtà, ewé tó ti jẹrà lórí amọ̀ á sì máa yọ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, ní kété tí wọ́n bá ṣí ẹnu-ọ̀nà. Ilẹ̀ ṣì tutù nígbà náà, èrò kò tíì pọ̀, àwọn ọ̀bọ á sì máa jẹun lórí igi tó wà nítòsí. Ẹ má jẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ bá yín nísàlẹ̀ odò, torí ewé orí igi ti pa òkè dé: inú igbó máa ń ṣókùnkùn nígbà tí oòrùn ṣì wà ní ìgboro.

Sílípáàsì ni àwọn ènìyàn máa ń wọ̀ jù, òun náà ló sì ń dá wọn lóró jù. Gbòǹgbò igi dábùú ọ̀nà káàkiri, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ bá wọn pàdé. Bàtà kànfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín ni kí ẹ wọ̀, pẹ̀lú sòkòtò gígùn tí ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀fọn nìkan kọ́ ló fà á. Ìjàlọ ni.

Lẹ́yìn òjò, ìjàlọ máa ń tò kọjá lójú ọ̀nà, dúdú, wọ́n á fẹ̀ tó ìka méjì tàbí mẹ́ta, àwọn olórí-ńlá inú wọn á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n á la ẹnu. Ẹni tó ń wo òkè á tẹ àárín wọn. Wọ́n lè gun ẹsẹ̀ dé orúnkún kí ó tó mọ̀. Tí ẹ bá rí wọn, ẹ dúró ní ìṣísẹ̀ méjì sí wọn, ẹ wo ibi tí ìlà wọn ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kí ẹ sì fi ìgbésẹ̀ gígùn kan rékọjá. Ẹ má fẹsẹ̀ kilẹ̀ nítòsí wọn, torí ńṣe ni wọ́n á tú ká. Tí wọ́n bá ti gun yín, ẹ kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn; ẹni tó bá dúró lójú kan tó ń já, àwọn mìíràn á máa gùn ún ni. Orí ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe ìdí, nítorí tí ẹ bá fa ìdí rẹ̀ já, ẹnu á ṣì wà nínú ara yín.

Omi lítà kan tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó oúnjẹ sínú àpò tó ní síìpù, nítorí ọ̀bọ ibẹ̀ ti mọ ìró nọ́ọ́lọ̀nù dáadáa. Tí ọ̀kan bá já a gbà, ẹ fi sílẹ̀ fún un, kí ẹ má fà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ má sì fún wọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà. Ọ̀bọ tí àlejò bá ti kọ́ ní ìjẹkújẹ yóò máa dúró lójú ọ̀nà de ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ọmọdé ló sì máa ń kọ́kọ́ fò mọ́.

Láti Ọjà Ọba, ẹ wọ ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá, kí ẹ ní Ojúbọ Ọ̀ṣun lẹ ń lọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì béèrè owó kámẹ́rà kí ẹ tó wọlé, kó má di àríyànjiyàn nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹ mú amọ̀nà, ẹ sì sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé etí odò lẹ fẹ́ gbà, kì í ṣe Ojúbọ nìkan. Tí ẹ kò bá sọ ọ́, ọ̀nà kúkúrú ló máa mú yín gbà.

Ibi ìsìn ni igbó yìí, ẹnu ọjọ́ mẹ́ta kọ́. Ojúbọ 40 ló wà nínú rẹ̀, ààfin méjì, àti ibi ìbọ mẹ́sàn-án létí odò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwòrò tirẹ̀. Tí ẹ bá bá wọn lẹ́nu ìbọ, ẹ dúró, ẹ kí wọn, ẹ má yọ fóònù. Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dẹdò, kò gbọdọ̀ ṣọdẹ, kò gbọdọ̀ gé igi. Irú ewéko inú rẹ̀ lé ní 400, ó lé ní 200 nínú wọn tí a ń fi ṣe oògùn, torí náà ọwọ́ máa ń yá onímọ̀ ewé láti já díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a. Òfin ìjọba wà lórí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú: wọ́n sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ kan gbogbo hẹ́kítà 75 ní 1992, UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé ogún àgbáyé ní 2005.

Àwọn ère tí ẹ ó máa bá pàdé lójú ọ̀nà, iṣẹ́ Susanne Wenger tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà ni, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo bíi Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálì Àkàngbé. Austria ni wọ́n ti bí Àdùnní ní 1915, ó dé Nàìjíríà ní 1950, Òṣogbo ló sì kú sí ní 2009. Ẹ sún mọ́ ère kan tó ti pẹ́, kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó ti là tẹ́ẹ́rẹ́, tí ewé tútù ti hù níbi tó là. Ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Omi á dé ara irin tó wà nínú sìmẹ́ǹtì, irin á dógùn-ún, irin tó bá dógùn-ún á wú, á sì ti sìmẹ́ǹtì jábọ́ láti inú. Ikán àti gbòǹgbò á wá parí ìyókù. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gun orí ère tàbí kó fara tì í fún fọ́tò: ibi tí ẹ rò pé ó le lè jẹ́ èèpo lásán.

Etí odò náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Níbi tí odò bá ti ṣẹ́ kọ́nà, ẹ̀gbẹ́ ìta ni omi ń gbá mọ́, á máa jẹ ilẹ̀ lábẹ́, koríko orí rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ kò mọ̀ pé òfìfo ló wà lábẹ́ òun. Ẹ jìnnà sí bèbè ní ìṣísẹ̀ méjì, kí ẹ sì di ọmọdé lọ́wọ́ mú. Ní ti afárá tó so rọ̀ sókè odò, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, láìsáré, láìfò. Ó ti pẹ́ gan-an. Tí amọ̀nà bá ní ẹ má gùn ún lọ́jọ́ náà, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni omi fúnra rẹ̀. Ọ̀ṣun ti Ìgèdè-Èkìtì wá, ó sì ń lọ dà sí ọ̀sà. Lójú ọ̀nà yẹn, àwọn tó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń hú ilẹ̀ àwọn odò tó ń ṣàn wọnú rẹ̀, wọ́n ń fọ ẹrẹ̀ sínú wọn, omi sì ti rí bíi tíì tí a bu mílíìkì sí. Ẹrẹ̀ yẹn nìkan kọ́ ni wàhálà. Àwọn kan ń fi mákíúrì kó góòlù jọ, ilẹ̀ tí wọ́n hú sì lè tú òjé sínú omi. Sísè kò lè yọ èyíkéyìí nínú wọn. Bí omi bá ṣe ń fà lórí iná ni ìyókù ń le sí i. Álọ́ọ̀mù á mú kí ojú omi là, ṣùgbọ́n omi tó là lójú lè léwu síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ìbùkún Yèyé lè bu omi wọ́n orí. Kó má mu ún, kó má fi fún ọmọ mu, kó má sì kì í sójú egbò. Àwọn tó ń wa ilẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ jáwọ́, ìjọba sì gbọ́dọ̀ lé wọn, torí kò sí odi igbó tó lè dá omi dúró.

Ọdún Ọ̀ṣun máa ń wáyé nínú oṣù Kẹjọ. Ẹ wá fún Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ lọ sódò, àti ìlù, àwọn ọmọ Ọ̀ṣun láti Brazil àti Cuba náà ń wá, ṣùgbọ́n ẹ má gbèrò àtirìn nínú igbó lọ́jọ́ náà: ojú ọ̀nà kì í gba ẹsẹ̀ mọ́. Fún ìrìn, ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ mú, Tuesday tàbí Wednesday. Tí agbára bá ṣẹ́kù lẹ́yìn náà, ilé Àdùnní ṣì wà ní Ọ̀nà Ìbòkun, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ọnà dárà sí. Ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, nítorí náà ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ kí wọn, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó wọlé.